Ẹnu Ìbọn Bàbá Délé

Bàbá mi, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ṣe ń di fáìlì àgbẹ̀dẹ mú,

Mo mọ̀ pé lẹ́tà kì í dé ibi tí ẹ wà. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ ni, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ fún Màámi, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé gbé mì. Ara Màámi le. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu tí òtútù bá mú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ṣì máa ń bu oúnjẹ yín sọ́tọ̀. Tí ó bá wá rántí, á gbé abọ́ náà síwájú mi, á ní mo ti rù jù. Ṣọ́ọ̀bù àgbẹ̀dẹ wa ní Ìwàrò kò tíì tì. Àga yín wà níbi tí ẹ gbé e sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mi ò sì jókòó lé e rí.

Ìbọn Bàbá Délé ló fa ìwé yìí. Ẹ ó rántí ráífù àtijọ́ tí ọ̀rẹ́ yín jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí ó já bọ́ lórí àpáta tí ẹnu rẹ̀ fi tẹ̀, tí ó gbé e wá fún wa ní oṣù tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀. A gé ẹnu rẹ̀ kúrò díẹ̀, a fi fáìlì rẹ́ ẹ, ẹ sì lu àmì yín sí i lára. Nígbà tí ẹ kú, Bàbá Délé gbé e kọ́ sára ògiri, ó ní òun ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́ òun, òun kò ní wọgbó fún oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin náà ti pé. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, òun àti Délé ọmọ rẹ̀ lọ sí oko ẹ̀gẹ́ wọn lọ́nà Etioro, nítorí túrùkú kan tí ń hú ẹ̀gẹ́ náà jẹ. Délé ń lé ẹran náà bọ̀ láti inú igbó, bàbá rẹ̀ dúró dè é ní ọ̀kánkán. Túrùkú náà yọ. Délé náà yọ orí lẹ́yìn igi kan lápá ọ̀tún rẹ̀. Bàbá Délé rí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọ̀rẹ́ yín, ó ti yìnbọn níbi tó há ju ìyẹn lọ, ìbọn náà kò sì já a kulẹ̀ rí. Ó yìn ín. Ọta náà fi túrùkú sílẹ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó sì gé òkè etí Délé lọ.

Délé kò kú, Bàbá. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Ìkàrẹ́, wọ́n rán etí àti ẹ̀gbẹ́ orí fún un. Ìwọ̀n ìka kan péré ló ṣẹ́kù kí ó kú lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ọdẹ mẹ́ta wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò kí mi. Wọ́n tẹ́ ìbọn náà sílẹ̀, wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí ojú iná, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún irin tó bá ṣe ará ilé olówó rẹ̀ léṣe. Olórí wọn nìkan ló sọ̀rọ̀.

“Ojú bàbá rẹ ti lọ kó tó kú. Gbogbo wa la rí i. Tó bá di Sátidé, agogo mẹ́rin, gbogbo ùbọn tí àmì ẹ̀ wà lára ẹ̀ la máa kó jọ, kò sí èyí tó máa wọgbó mọ́. Àfi tó o bá fi nǹkan tó ṣe èyí hàn wá.”

Mo mọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n rí dígí ojú yín tí ẹ fi òwú so ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n rí i bí ẹ ṣe máa ń di ojú pa tí iṣẹ́ bá ti parí, tí ẹ ó máa fi ìka rin gbogbo ara irin náà, tí ẹ ó máa kun orin ìyìn lábẹ́ ètè. Èmi mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí. Ṣé ojú yín ti lọ lóòótọ́? Ṣé ẹ kàn ń fi pamọ́ fún wa ni? Ìbọn tí àmì yín wà lára wọn ní Ọ̀kà yìí, ní Etioro, títí dé Ese, mi ò lè kà wọ́n tán. Tí wọ́n bá kó wọn jọ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé, orúkọ yín ni wọ́n kó sílẹ̀ yẹn.

Ní ọjọ́rú mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo kọ́kọ́ wò ó pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Mo dán gbogbo skrúù tó so igi mọ́ irin wò, mo ń gbàdúrà kí n rí èyí tó tú. Kò sí èyí tó tú, gbogbo wọn le dan-in dan-in. Mo fi àkísà tó lẹ́pọ̀ nu inú ọ̀pá rẹ̀. Àkísà àkọ́kọ́ jáde ní dúdú, ẹlẹ́ẹ̀kẹta jáde ní mímọ́, kò sí ìpẹtà. Mo ya ewé kan lára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ti èṣín, mo fà á gba àárín igi àti ọ̀pá ìbọn, torí tí igi bá ń ti irin níbì kan, ọta kì í lọ tààrà. Ewé náà kọjá láìha. Mo ta òwú láti irin tí a fi ń fojú sùn ún lẹ́yìn dé ti iwájú, òwú náà gún. Ohun gbogbo tí mo yẹ̀ wò ló pé, inú mi sì túbọ̀ ń bàjẹ́, nítorí bí ìbọn náà ṣe ń pé sí i ni ẹ̀sùn náà ń súnmọ́ ojú yín.

Ní Ọjọ́bọ̀, Bàbá Délé fúnra rẹ̀ wá. Kò fá irùngbọ̀n, kò sì jókòó nígbà tí mo ní kí ó jókòó. A gbé ìbọn náà lọ sí ẹ̀yìn àpáta níbi tí ẹ ti máa ń dán iṣẹ́ wò. Mo gbé e lé àpò iyẹ̀pẹ̀ kí ó má bàa mì, mo gbé páálí kan sí iwájú ògiri òkúta. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́n ká, gbogbo wọn wà lápá ọ̀tún. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ni, bóyá mo ń fà á lójijì torí ìbẹ̀rù. Bàbá Délé gbà á lọ́wọ́ mi. Ó mú ọta tó wá láti inú páálí ọta mìíràn, kí ó lè dá wa lójú pé kì í ṣe ọta ló bàjẹ́. Ọ̀tún náà ni tirẹ̀ lọ.

“Kì í ṣe ọwọ́ mi,” ló sọ. Ó gbé ìbọn náà padà lé mi lọ́wọ́.

Ẹnu ìbọn nìkan ló kù. Ẹ ó béèrè ìdí tí mo fi fi í sí ìgbẹ̀yìn, èmi náà bi ara mi. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo tó mú òwú rírọ̀ díẹ̀, tí mo fi í rọra yí etí ẹnu náà ká bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó há níbì kan. Ẹ̀gún irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ojú kò lè rí. Mo wá di ojú pa, mo fi ìka lé e. Ẹnu náà dàgẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan relẹ̀ ju èkejì lọ, ìwọ̀n tí kò ju sísanra ewé kàlẹ́ńdà lọ. Ohun tí ń ti ọta náà bó ṣe ń jáde nìyẹn.

Mo mọ ẹni tó rẹ́ ẹnu ìbọn náà. Kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo rẹ́ ẹ. Ẹ bi mí láti inú yàrá, “Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?” Mo ní mo ti wọ̀n ọ́n, sà. Irọ́ ni, Bàbá. Irin tí a fi ń mọ̀ bóyá nǹkan gún wà lórí ṣẹ́lífù, mi ò fọwọ́ kàn án. Bọ́ọ̀lù kan wà tí mo fẹ́ lọ wò ní Ìkàrẹ́, ọlọ́kadà sì ti dúró dè mí níta. Mo gbé ìbọn náà wá bá yín, ẹ dìde jókòó, ẹ lu àmì yín sí i. Ká ní a yìn ín lọ́jọ́ náà bí a ti máa ń ṣe kí olówó rẹ̀ tó gbé e lọ, à bá ti rí i. Ṣùgbọ́n òkú ìyá àgbà kan wà nílẹ̀ nílé kejì, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ yìnbọn ní àdúgbò kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó yin tiwọn láti fi sin ín. Ẹ ní kí Bàbá Délé dán an wò fúnra rẹ̀ tó bá délé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ni òun fẹ́ dán wò lára ohun tí àmì yín wà.

Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Délé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tó kù. Mo gbé fáìlì lé ẹnu ìbọn náà. Kí iṣu tó wà lórí iná Màámi tó jinná, ǹ bá ti tún un ṣe. Ǹ bá gbé e lọ bá wọn pé ẹ wò ó, ó ti ń lọ tààrà, mi ò mọ ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọn á ní ojú yín náà ni, ọ̀rọ̀ á sì parí. Màámi pè mí pé kí n wá jẹun. Mo gbé fáìlì náà sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́ láti lọ wo Délé.

Wọ́n ti fi báńdéèjì wé gbogbo orí rẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo etí tó kù ni?” Nígbà tó yá, ó ní, “Mo gbọ́ pé wọ́n ní ojú bàbá yín ni. Ìyẹn ò dáa. Ẹni tí ò lè dìde sọ tẹnu ẹ̀ mọ́.”

Mi ò lè sọ fún un. Mo bó ọsàn tí mo rà fún un, mo jókòó, mo sì tì í lẹ́yìn nígbà tó fẹ́ yí padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mi ò fọwọ́ kan fáìlì mọ́.

Lánàá, agogo mẹ́rin, mo gbé ìbọn náà lọ bí ó ṣe wà. Gbogbo wọn ti pé sábẹ́ àtíbàbà ilé olórí ọdẹ, ìbọn bíi mélòó kan ti wà nílẹ̀ níwájú wọn. Mo pín òwú fún wọn. Mo ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi í yí ẹnu ìbọn náà ká, kí ó sì di ojú pa, kí ó fi ìka rẹ̀ wò ó. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn ṣe é tán, mo sọ ọ́. Mo ní èmi ni mo rẹ́ ẹ, mo ní mi ò wọ̀n ọ́n, mo ní mo parọ́ fún bàbá mi lórí àìsàn. Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Délé.

Olórí wọn ló dájọ́. Ìbọn tí àmì yín wà lára wọn á padà sọ́wọ́ àwọn olówó wọn. Èmi ò ní fọwọ́ kan ìbọn ẹnikẹ́ni fún ọdún kan gbáko, ọkọ́ àti àdá ni kí n máa rọ. Mo gbà. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Bàbá Délé ló wá fà mí dìde.

“Bàbá rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ikú ẹ̀,” ló wí. “Ó ní kí n gbé ùbọn yìí wá. Mo wá, ṣùgbọ́n mi ò gbé e dání. Mo rò pé èmi ló fẹ́ rí, kó lè bá mi dágbére. Mo rò pé ó kàn ń fi ùbọn ṣe àwáwí ni.”

Bàbá, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ẹsẹ̀ yín ni mo ń fi òróró pa. Ó wọlé, ẹ bi í pé ìbọn dà, ó ní ó wà nílé. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ wá wo èmi náà. Lẹ́yìn náà ẹ bi í bóyá òjò ti rọ̀ dé oko rẹ̀. Ọjọ́ kejì sí ìyẹn lẹ kú.

Nígbà wo lẹ mọ̀? Ṣé bí ẹ ṣe ń lu àmì náà ni ìka yín kàn án? Àbí ẹ kàn rò ó lórí bẹ́ẹ̀dì pé mo yára dáhùn jù? Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí ẹ sọ, Bàbá, ẹ sì gbé e mì torí pé mo jókòó síbẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ yín. Inú ń bí mi sí yín. Ẹ̀ bá ti sọ ọ́. Ojú ì bá tì mí fún ọjọ́ kan, ǹ bá tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, etí Délé ì bá sì pé. Láti àná ni mo ti ń sunkún, mi ò sì mọ̀ bóyá ti Délé ni mò ń sun, àbí ti bí ẹ ṣe fẹ́ràn mi tó.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ kò fẹ́ kí ojú tì.