Ọwọ́ Òsì Yín

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Ó rẹ̀ mí. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kíkí ló ń ṣáájú nínú lẹ́tà, torí náà, mo kí yín o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà lọ́hùn-ún? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án bí ẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀? Èmi rèé nílé ìdáná ní Thamesmead, mi ò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi gbígbóná, mo gbé ìwé lé orí itan. Ó rẹ̀ mí gan-an ni.

Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mo wá ń ṣe níbí. Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ilé wọn gan-an là ń lọ, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tibí, ló sì ń gbé bùkátà rẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín tí ẹ bá gbọ́ pé kí wọ́n tó jẹ́ kí n dá bọ́ ojú fún arúgbó kan ṣoṣo, àfi kí n kọ́kọ́ padà sílé ẹ̀kọ́. Ọmọ tíṣà tún di akẹ́kọ̀ọ́, tòun ti ewú lórí.

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù nítòsí Beresford Square ni wọ́n kó àwa mẹ́jọ sí. A máa ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Bàbá, odidi òwúrọ̀ kan lórí ọwọ́ fífọ̀! Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn wa má baà kán, bí a ṣe ń ka orúkọ tó wà lára oògùn lẹ́ẹ̀mejì ká tó fún ẹnikẹ́ni, bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn kódà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ wa, àti bí a ṣe ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa tẹ̀ lé ẹni tó mọ iṣẹ́ láti ilé dé ilé, a ó máa wò. Ìdánwò tó kẹ́yìn ni pé alábòójútó yóò dúró ti èèyàn, yóò máa wo bó ṣe ń ṣe é. Tó bá fọwọ́ sí i, èèyàn ti di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Tí kò bá fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó parí, ilé iṣẹ́ kò fẹ́ ẹ mọ́. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló kọ ìwé tí mo fi wọ ìlú yìí, ẹ ẹ̀ rí i pé tí mo bá kùnà, ẹrù ilé ló kù kí n máa dì.

Mi ò bẹ̀rù nígbà yẹn. Kí n má purọ́ fún yín, ńṣe ni mo ń yọ ṣùtì sí wọn nínú ọkàn mi. Èmi tí mo tọ́jú yín fún ọdún mẹ́ta gbáko, láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún yín títí di ọjọ́ tí ẹ sinmi? Èmi ni mo ń wẹ̀ yín, èmi ni mo ń gé èékánná yín, èmi ni mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ẹ̀bà tó bá ti tutù. Gbogbo àdúgbò wa ní Ṣàgámù ló ń fi mí ṣàpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ kọ́ mi lókè ṣọ́ọ̀bù?

Ilé kékeré kan ní Moorings, ní Thamesmead níbí, ni wọ́n ti dán mi wò, lọ́dọ̀ ìyá àgbà òyìnbó kan. Jean lorúkọ wọn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ kí n pe àwọn ní Mummy. Jean ni kí n máa pè wọ́n gbangba, bí ẹni ń pe ọmọ tá a jọ ń tayò. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnu mi tó gbà. Àìsàn tó ṣe yín ló ṣe Jean, apá ọ̀tún kan náà ló sì mú lọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, alábòójútó wa, Auntie Ṣadé, ọmọ Ìkòròdú tó ti pẹ́ níbí, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ. Ó wá ku tíì. Wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ìtọ́jú pé apá òsì ni ká gbé ife sí, kí Jean fúnra wọn mu ún. Mo kà á. Àmọ́ nígbà tí Jean na ọwọ́ òsì sí mi, ọwọ́ mi kọ̀. Àgbàlagbà ló na ọwọ́ sí mi, ọmọ yín sì ni mí. Mo rọra gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ti kú kúrò lórí itan, mo fi ife sí i, mo fi tèmi dì í mú, mo wá gbé e lọ sí ẹnu wọn. Mo rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni. Tíì dà sí wọn láṣọ. Mo dúpẹ́ pé kò gbóná. Jean kàn ń wo ọwọ́ òsì wọn tó ṣì nà síwájú lófìfo.

Nínú mọ́tò ni Auntie Ṣadé ti sọ ọ́ fún mi. “Sister mi, mi ò lè sign form yìí o. Everything was fine, àfi tíì yẹn. Ọwọ́ kan ló kù fún mama yẹn, ẹ tún wá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn?”

Mi ò lè lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ọ̀fẹ́ tó ń gbé èèyàn kọjá odò ní Woolwich, mo bọ́ sílẹ̀ lódìkejì, mo tún wọ̀ ọ́ padà. Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún.

Wọ́n dá mi padà sókè ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ kan. Wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún mi mọ́ àyà, wọ́n ní kí n fi òsì de bọ́tìnnì, kí n fi òsì mu omi. Omi àkọ́kọ́ dà sí mi lọ́rùn. Èkejì wọ imú. Ìgbà kẹta ni mo tó mu ún, inú mi sì dùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bí inú mi ṣe dùn yẹn ni mo rántí yín. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn, wọ́n rò pé báńdéèjì ló ń dùn mí.

Bàbá, ẹ rántí bí ẹ ṣe rí ní kíláàsì. Kò sí ọmọ tó máa fi ọwọ́ òsì na ìwé sí yín tí ẹ máa gbà á. Ẹ ó kàn máa wò ó títí yóò fi yí ọwọ́ padà, ẹ ó wá sọ ọ́, tí gbogbo kíláàsì á bá yín parí rẹ̀, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Tíṣà Ọ̀tún ni wọ́n ń pè yín lẹ́yìn. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, lẹ́yìn tí àìsàn ti dé, bí irú òní. Pásítọ̀ àtàwọn ìyá ìjọ wá kí yín. Mo gbé tíì síwájú yín, mo yíjú láti lọ mú ṣúgà. Kí n tó dé, ẹ ti fi ọwọ́ òsì gbé ife. Ó ń gbọ̀n, àmọ́ ó ti ń dé ẹnu yín. Ẹ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta bí ìṣe yín. Ó tó ìgbà mélòó tí ẹ ti dán an wò tí mi ò sí nílé? Ta lẹ fẹ́ fi í hàn lọ́jọ́ náà, ṣé èmi ni? Ojú tì mí lójú àwọn àlejò. Mo fi ẹ̀rín sí i, mo ní, “Dádì, ọwọ́ ọ̀tún o.” Mo sì gba ife náà. Àwọn ìyá ìjọ ń ṣàdúrà pé ọmọ tèmi náà á tọ́jú mi. Ẹ wò mí. Ọ̀rọ̀ ti ń ṣòroó sọ fún yín nígbà yẹn, mo mọ̀, àmọ́ ẹ ò tiẹ̀ fa ojú ro. Ẹ kàn la ẹnu kí n máa fi ṣíbí bù ú sí i. Láti ọjọ́ náà títí ẹ fi lọ, ẹ ò gbé ife mọ́.

Kí ló dé tí ẹ ò bá mi jà sí i? Ṣé ẹ rò pé mo tọ̀nà ni, torí pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi?

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n tún dán mi wò. Mi ò lè jẹun kí n tó wọ bọ́ọ̀sì. Mo gbé ife sí apá òsì Jean, mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn, mo fi ọ̀kan di èkejì mú. Ife bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Tíì ta sórí tírè. Mi ò mira. Ó pẹ́, Bàbá, ó pẹ́ púpọ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe ní ìlú yìí, kò sí èyí tó le tó kí n dúró kí n má ṣe nǹkan kan. Jean mu ún tán. Wọ́n fi ọwọ́ òsì na ife òfìfo sí mi. “Ta, love. That was lovely.” Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ níbí nìyẹn. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.

Auntie Ṣadé ń wò mí. “Ìkúnlẹ̀ ò sí nínú training o, Sister,” ló wí, ó sì fọwọ́ sí ìwé mi.

Láti ọ̀la, èmi nìkan ni màá máa lọ, ilé márùn-ún kó tó di ọ̀sán. Mo ti rò pé màá jó, ó kàn rẹ̀ mí ni. Wọ́n ti fún mi ní ìwé ẹ̀rí pé mo mọ èèyàn tọ́jú, ẹ̀yin tí mo tọ́jú láìsí ìwé ni mo sì ń rò. Ẹ forí jì mí, Bàbá. Mi ò mọ̀.

Tí tíì bá wà níbi tí ẹ wà, ẹ gbé e fúnra yín. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ tó bá wù yín ni kí ẹ fi gbé e, kó dà tó bá fẹ́ dà, ẹ má wojú ẹnikẹ́ni.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó gba ife lọ́wọ́ yín.