Ìyá Ó-Ku-Díẹ̀ àti Ìwé Atukọ̀

Ní ọdún 1939 ni a bí Màmá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Ó-Ku-Díẹ̀, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé Míṣọ́n. Bàbá tó bí wọn ni olórí àwọn tó ń di ìwé níbẹ̀: àwọn ló ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àwọn ewé tí ẹ̀rọ ti tẹ̀, tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn wọn, tí wọ́n sì ń fi páálí àti aṣọ bò wọ́n kí wọ́n tó di ohun tí ènìyàn ń gbé lọ́wọ́ pè ní ìwé. Bàbá bàbá wọn náà, ìwé ni wọ́n rán títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá wọn ní tirẹ̀, alágbàfọ̀ ni. Màmá máa ń sọ pé òórùn tàdáwà ni àwọn kọ́kọ́ mọ̀ láyé, kí àwọn tó mọ òórùn ọmú.

Ní ọdún 1945 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Míṣọ́n. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi mọ ìwé kà, nítorí wọ́n ti ń fi ojú jí i kọ́ lórí tábìlì bàbá wọn. Bí wọ́n bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, orí àpótí ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa kàwé sókè fún bàbá wọn, tí ọwọ́ àti ojú ti há sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìtàn tí àwọn náà sọ fún wa títí a fi mọ̀ ọ́n lórí: pé kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, sórí awọ ẹran tí wọ́n ha títí ó fi fẹ́lẹ́, pé ẹlòmíràn á jókòó ti ẹyọ ìwé kan fún odidi ọdún, ojú rẹ̀ á di bàìbàì níbẹ̀, kò sì ní mọ ẹni tó máa kà á láéláé, pé nígbà náà, sókè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kàwé, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá rí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń wo ìwé, tí ẹnu rẹ̀ kò mì, wọ́n á máa wò ó tìyanu-tìyanu.

Bàbá wọn wá na abẹ́rẹ́ sí ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ wọn. Ó ní, “Ṣé o rí ẹni tó kọ eléyìí? Ó ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. Òun ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yẹn o. Jókòó dáadáa.”

Màmá jókòó dáadáa. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó rí i kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀ kàwé. Bí ara wọn kò tilẹ̀ yá, bí ibà dá wọn wólẹ̀, wọ́n á ní kí a gbé àwọn jókòó ná, kí wọ́n tó ṣí ìwé, bí ẹni tí àlejò pàtàkì wọlé tọ̀ wá.

Ní ọdún 1960, ilé ìtẹ̀wé nílò ẹ̀rọ onígi tí wọ́n fi ń fún ìwé mọ́ra kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gbẹ. Wọ́n ránṣẹ́ pe káfíńtà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tẹ ilé ẹ̀kọ́ rí. Lásìkò náà, Màmá ń ka ìwé ńlá kan fún bàbá wọn, ìtàn atukọ̀ kan tí ìjì gbé lọ sí òkèèrè, tó ń wá ọ̀nà àtipadà sílé. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n gbé fún káfíńtà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ di iṣẹ́ oṣù. Yóò gé igi, yóò tún un gé. Nígbà tó sú bàbá wọn, ó bi í léèrè pé, “Káfíńtà, ṣé igi ló le ni, àbí ọwọ́ rẹ?” Káfíńtà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Mo fẹ́ gbọ́ ibi tí atukọ̀ yẹn máa já sí ni.”

Káfíńtà náà ni Bàbá wa. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì Míṣọ́n. Ìwé atukọ̀ ni bàbá ìyàwó fi ta ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an, ó sì fi aṣọ búlúù bò ó.

Ní ọdún 1964 ni Màmá ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé dídì tiwọn, tí Bàbá sì fi ìsọ̀ káfíńtà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ògiri kan ló là wọ́n láàárín, Bàbá sì dá ojú fèrèsé sí i kí ohùn ìwé lè máa wọlé. Gbogbo ìgbà ni Màmá ń rọ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Èsì kan náà ni Bàbá ń fọ̀: “Kí ni mo fẹ́ fi kíkà ṣe? Ìwọ ṣáà wà níbẹ̀. Etí mi ti tó mi.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n á máa retí ìtàn adìyẹ, a kò sì ní fi dù yín. Ní ọdún 1968, ìwé méjì tó ti já wà lórí tábìlì Màmá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìwáàsù ni ọ̀kan, ti pásítọ̀ wa. Ìkejì dá lórí bí a ṣe ń sin adìyẹ, ti olóko kan tó ń gbé nítòsí. Ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì, ìwé kẹta ni Màmá sì ń kà bí ọwọ́ wọn ṣe ń rán ìwọ̀nyí. Ìdì ewé kan ti inú ìwé adìyẹ bọ́ sínú ìwáàsù, ìdì ewé ìwáàsù bọ́ sínú ìwé adìyẹ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ gun àga ìwáàsù. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a máa tọ́jú àwọn aláìní àárín wa,” ó ṣí ewé, ó tẹ̀ síwájú, “nítorí bí òtútù bá mú wọn, wọn kò ní yé ẹyin mọ́.” Bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tòògbé níwájú ta jí, ó sì ṣe Àmín tó rinlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. “Ẹ wá kó adìyẹ yín kúrò nínú ìwáàsù mi, ẹ jọ̀ọ́ mà.” Kò tíì lọ tí olóko náà fi dé, tòun ti ìwé lábíyá. Ó ní, “Mo ṣí ìwé pé kí n wo oògùn inú rírun adìyẹ, ìdájọ́ ìkẹyìn ni mo bá pàdé. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tún gbogbo ilé adìyẹ gbá.”

Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín, Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn wọ́n pé àwọn já ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó kọ ìwé lẹ́nu. Wọ́n pinnu pé ìwé kankan kò ní jáde nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn mọ́ láìjẹ́ pé àwọn kà á láti ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Oníwèé á dé: “Màmá, ìwé mi ńkọ́?” Wọ́n á ní, “Ó ku díẹ̀.” Lọ́yà kan bínú sí wọn gan-an. Ó ní, “Ìwé òfin nìyẹn, mà! Kí lẹ fẹ́ fi òfin ṣe?” Màmá ní, “Mo fẹ́ mọ bó ṣe parí ni.” Lọ́yà jókòó. Kò mọ ìgbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òfin ara rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn.

Bí Màmá ṣe ka ìwé gbogbo ayé nìyẹn: ti ìràwọ̀, ti àìsàn ojú, ti ìgbẹ́jọ́, ti ilé kíkọ́, ti àwọn ọba tí ilẹ̀ wọn kò sí mọ́. Wọ́n kì í fi yangàn. Ṣe ni ẹnu máa ń yà wọ́n. Bí wọ́n bá pa ìwé dé, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ wo bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó nínú yàrá yìí.” Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń wo ẹ̀yìn wa.

Nínú ìjọ, àwọn ló ń tún gbogbo ìwé orin ṣe láìgba nǹkan kan. Láti ọdún 1975, ọ̀sán Sátidé jẹ́ ti àwọn tí kò mọ̀wé kà: Màmá á gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á kàwé fún alágbàṣe, fún opó, fún ẹni tó kàn fẹ́ sinmi ẹsẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èédú sọ fún wa níbi àbẹ̀wò ọ̀fọ̀ pé òun kò kúrò nílùú yìí rí, ṣùgbọ́n òun mọ bí yìnyín ṣe ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ní ọdún 2014, ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, wọn kò rí nǹkan kan mọ́. Wọn kò sunkún lójú wa. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá ń jókòó nílé pẹ̀lú ìwé atukọ̀ lórí itan. Nígbà mìíràn, orí ìwé náà á dojú kọ ilẹ̀, a kò sì ní láyà láti sọ fún wọn. Bí a bá wálé, a ń kà á fún wọn, ṣùgbọ́n a kì í gbélé. Ọmọ-ọmọ wọn kan gbé ẹ̀rọ tó ń kàwé fúnra rẹ̀ wá. Màmá súre fún un, wọ́n gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ohùn rẹ̀ dára, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìjì ti dé báyìí, ẹ̀rù ò sì bà á.” Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún Bàbá pé ó ń dun àwọn: kí àwọn má lọ kú sínú ilé tí ìwé ti dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé àga tì wọ́n, wọ́n ṣí ìwé atukọ̀, wọ́n ní, “Ìyá ọmọ mi, ó yá, kọ́ mi.” Ọ̀rọ̀ di ti ẹni tí kò ríran tó ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀wé. Bàbá á sọ bí lẹ́tà ṣe rí, Màmá á dá a mọ̀.

“Èyí dà bí àga tí kò ní ọwọ́.”

“Hí nìyẹn.”

“Èyí jọ irin tí mo fi ń wo igun pátákó.”

“Lí ni, ọkọ mi. Lẹ́tà ńlá ni.”

“Èyí rí roboto, ṣùgbọ́n wọ́n kan ìṣó sí i nídìí.”

“Ọ nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ìṣó, O ló kù.”

“Ta ló tiẹ̀ ń kan gbogbo ìṣó yìí? Wọ́n máa la igi yìí o!”

Ọmọ wọn obìnrin àgbà bá wọn níbẹ̀, Màmá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ẹ̀rín náà gbẹ̀yìn.

Ó gbà wọ́n ní ọdún kan kí Bàbá tó ka ojú ewé kan tán. Lẹ́yìn náà, ojú ewé kan lọ́sàn-án kan ni, kò yẹ̀. Pẹlẹbẹ igi tínínrín láti ìsọ̀ wọn ni wọ́n fi ń sààmì síbi tí wọ́n bá dé. Màmá mọ ìwé náà lórí, wọn kì í sì í gbójú fo àṣìṣe. Bí Bàbá bá ti ṣì í, ohùn jẹ́jẹ́ á dáhùn: “Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀.” Bàbá á padà. Ọkùnrin tó fi etí gba ìtàn yìí nígbà èwe wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ dá a padà fún ẹni tó fún un. Àwa tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà kì í lè wọlé.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, orí tó gbẹ̀yìn ìwé ni wọ́n wà. Ara Màmá ti rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn jókòó. Bàbá fi ìrọ̀rí há wọn lẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Atukọ̀ ti rí èbúté ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí Bàbá máa ń ṣì kà nígbà gbogbo. Wọ́n tún ṣì í. Wọ́n dúró kí Màmá tọ́ àwọn sọ́nà.

Màmá kò sọ nǹkan kan.

Bàbá kò gbé ojú sókè. Wọ́n padà sẹ́yìn díẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, wọ́n sì ka ìwé náà títí atukọ̀ fi wọlé, tó bọ́ bàtà rẹ̀, tó jókòó. Ìgbà náà ni wọ́n tó pè wá. Ìbẹ̀rù tó wà lọ́kàn Màmá kò ṣẹ. Ìwé kò dákẹ́ nínú ilé wọn.

Màmá fi Bàbá sáyé, ẹni tó ń ka ìwé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ti atukọ̀ báyìí. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀: nọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì, tíṣà, àti abíkẹ́yìn tó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn, tó sì ti tún ṣọ́ọ̀bù ṣí. Wọ́n fi àwọn ọmọ-ọmọ sílẹ̀, àti ọmọ ọmọ-ọmọ wọn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lẹ́tà, tó sì ń bi gbogbo ènìyàn léèrè ibi tí ìṣó wà. Ẹ̀yin tí ìwé yín ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ẹ má bínú. Ó ku díẹ̀. A ń kà á lọ́wọ́.

Màmá wa, ẹ ti jókòó dáadáa fún gbogbo wọn. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ wàyí. Kí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún máa fi ohùn jẹ́jẹ́ bá yín sọ ọ́. Ẹ sùn re.