Gíláàsì Tí Kò Gbọdọ̀ Fọ́

Ìwó,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, 1956.

Olútáyọ̀ ọmọ mi,

Láràárọ̀ báyìí, kí n tó dáná, àní kí n tó bọ́jú, àpótí aṣọ bàbá rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Mà á kó agbádá rẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mà á tú gèlè aláró mi tó wà nísàlẹ̀, mà á mú ègé gíláàsì kan jáde tí kò gùn ju ìka àárín mi lọ, mà á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mà á yí i tojú tẹ̀yìn. Bí mo bá ti rí i pé kò sán, mà á dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, mà á dì í padà, ara mi á wá balẹ̀ dọjọ́ kejì.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó kò le jù? Olúwa tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí o. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń lọ sí kíláàsì ìwé àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ń tì mí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó, n kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mò ń rí gbogbo wọn.

Ìjì jà níbí, ó ṣí páànù méjì lórí ilé wa, ògiri yàrá bàbá rẹ sì sán láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹrin, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta dé láti Ìbàdàn, wọ́n ní ẹnjiníà ni àwọn, pé àwọn fẹ́ wo ilé tó ṣì ṣeé gbé àti èyí tí kò ṣeé gbé mọ́, àwọn kò sì ní gba kọ́bọ̀. A kọ́kọ́ rò pé wolé-wolé ni wọ́n, ni gbogbo wa bá sáré lọ da omi ìkòkò nù. Ràhámọ̀tù aládùúgbò wa ní irọ́ ni, ẹni tó bá wá wo ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́, rírà ló fẹ́ rà á. Ẹ̀rù bà mí. Bí wọ́n bá ní kí n jáde, ibo ni mò ń lọ, tí mà á fi sàréè bàbá rẹ sílẹ̀ lágbàlá?

Àgbà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó wá ń fi ìka kan ògiri, ó ń fetí sí i. Lẹ́yìn náà ló fi gíláàsì yìí dábùú ibi tó sán, lápá ìta, ó sì fi sìmẹ́ńtì lẹ orí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri. Ó ní kí n ṣì máa sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí gíláàsì náà bá fọ́, kí n má dúró kó ohunkóhun, kí n jáde.

Táyọ̀, mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ara ògiri yẹn ni ewúrẹ́ Ràhámọ̀tù ti ń họra, ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Gíláàsì wo ló máa pẹ́ níbẹ̀? Ni mo bá fi ọ̀bẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo gbé e síbi tí nǹkan kan kò ti lè fọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé, kò fọ́! Mò ń sùn, mò ń hanrun. Ibi tó sán náà, èékánná mi ló lè wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá, èékánná náà ló ṣì ń wọ ibẹ̀ lónìí, mo máa ń kì í bọ̀ ọ́ wò bí mo bá ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n ní kí n ṣọ́.

Jọ̀wọ́, fi owó páànù méjì ránṣẹ́, kí o sì fi ti àpótí kékeré kan tó ní kọ́kọ́rọ́ kún un, nítorí gíláàsì náà. Ilé tí ìwọ náà bá kọ́, ìjì kò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí ti ránṣẹ́ láti Ilé-Ogbó pé lọ́la ni àwọn máa padà wá wo gíláàsì. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mà á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mà á gbé e sórí àwo funfun tí o rà fún mi, mà á sì gbé e lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Lydia.