Àpò Iyanrìn Tí Ìyá Mi Gbé Wá

Ẹ jọ̀ọ́ àdímíìnì, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará ilé wa wà lórí péèjì yìí. Mo pa irọ́ kan nílé tí mò ń gbé n'Ìbà, irọ́ yẹn ti ba nǹkan jẹ́ mọ́ ìyá tó bí mi lọ́wọ́, wọn ò sì tíì mọ̀... Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an.

Ìlú etí òkun l'apá Òndó ni wọ́n bí mi sí. Èyí tẹ́ ẹ máa ń rí lórí fóònù, tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ló pọ̀, pé kí ló dé tí wọn ò tètè kó kúrò níbẹ̀, ìlú wa nìyẹn. Òkun ti gbé ilé tí mo dàgbà sí, ó gbé sùkúù mi, ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì wa... Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ibi tá a sin bàbá mi sí, màámi bu iyanrìn orí sàréè náà sínú àpò gààrí, wọ́n dì í lẹ́nu, wọ́n gbé e wá bá mi l'Ékòó. Bá a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Tí òkun bá fẹ́ gbé sàréè, a máa ń bu iyanrìn ibẹ̀ lọ síbòmíì, a máa gbàdúrà sí i, a máa sin ín lọ́tun, kí òkú lè níbi tó ń sùn.

Ìyá onílé wa, ọmọ Ọ̀jọ́ gan-an, èèyàn dáadáa ni wọ́n, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí àgbàrá ti ń wọ ilé wa, wọ́n ní àwọn tí òkun lé wá, tí wọ́n ń wá yàrá kiri Okokomáíkò, àwọn ló kó omi wá, pé omi kì í fi ẹni tó bá lé sílẹ̀. Gbogbo ará ilé gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tiẹ̀ wá gba yàrá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, bí wọ́n ṣe gbọ́ ibi tó ti wá báyìí, wọ́n ní kò sí yàrá mọ́. Èmi náà jókòó níbẹ̀, mo ń mi orí...

Nígbà tí màámi dé, mo ní ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, pé wọ́n wá tọ́jú ojú ni. Tí wọ́n bá lanu báyìí, èdè wa máa tú àṣírí wa fó, ni mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ̀rọ̀ níta. Ìyá tó fẹ́ràn àtimáa kí èèyàn... wọ́n kàn ń mi orí kiri ni. Àwọn ọmọ ilé ti ń pè wọ́n ní Màmá Odi. Àwọn ará ilé bi mí pé kí ló wà nínú àpò tó wà lẹ́yìnkùlé, mo ní iyanrìn lásán ni, pé mo fẹ́ fi dí kòtò.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, màámi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe délé, àwọn ará ilé ti fi iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà kí omi má wọlé. Tiwọn ò tó, ni ìyá onílé bá rántí àpò mi. Ẹnu ọ̀nà tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ dà á sí o... Inú wọn ń dùn pé omi ò wọ yàrá mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Mo sọ fún màámi pé mo ti gbé àpò náà lọ sọ́dọ̀ wòlíì kí wọ́n bá wa tọ́jú ẹ̀. Màámi súre fún mi. Wọ́n ti ra aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi wé e, wọ́n ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa lọ sin ín. Ní àràárọ̀ báyìí, màámi á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á gbá iyanrìn ẹnu ọ̀nà sínú gọ́tà, kí ìyá onílé má baà sọ pé onídọ̀tí ni wọ́n. Èmi á dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, màá máa wò wọ́n.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò mọ ohun tí màá ṣe. Tí mo bá sọ fún wọn, ẹkún tí wọ́n máa sun, gbogbo ilé ló máa gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń sun ún, ibo la máa kó lọ? Ṣé kí n lọ bu iyanrìn míì sínú àpò? Ṣé kí n jẹ́ kí màámi máa kúnlẹ̀ gbàdúrà sórí iyanrìn tí ò kan bàbá mi? Iyanrìn bàbá mi ṣì ku díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà o... Tí mo bá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ ọ̀la, kí ni kí n sọ pé ó fà á?