Obìnrin Tó Fi Èjìká Gbé Afárá

Baruwa, Ìpájà,
Oṣù Kẹjọ, 1988.

Àbúrò mi Ọláoyè,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìkirun? Ara wa le níbí. Ìwé aláwòrán tí o fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó sì dùn gan-an! Níbi tí obìnrin tó ń fò yẹn ti fi èjìká gbé afárá tó fẹ́ wó, mo pariwo, mo gbàgbé iṣu lórí iná. Ayàwòrán náà mọ iṣẹ́ o. Ó jẹ́ kí á rí òógùn lójú rẹ̀. Alágbára ni, síbẹ̀ ó ń rẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á tán nígbà tí ọkọ mi wọlé.

"Ìyàwó ilé ló ń ka ìwé ọmọdé? Obìnrin tó wọ pátá, tó ń fò bí àjẹ́!"

"Bọ̀dá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ó ku díẹ̀."

Ó jù ú sínú iná. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Ó ń tọ́jú mi ṣá. Ó kàn máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ mi tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ni, nítorí olè.

Jọ̀ọ́, ṣé afárá náà padà wó? Ṣé ẹnikẹ́ni bá a gbé e? Má fi èsì ránṣẹ́ sílé o. Fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Susanna aránṣọ ní ibùdókọ̀ Pleasure, a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé mo ti sanra, pé Èkó bá mi lára mu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Matilda