Ọ̀rọ̀ Tó Túmọ̀ sí Èmi àti Ìwọ Nìkan

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé o jí ire, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ìlú ńlá ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Ara wa le. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ ò ní tòògbé.

Mo rí lẹ́tà tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Fóònù kọ́kọ́ ní òun ò gbà á, pé àyè ti kún. Mo bá yọ ọ́ kúrò nínú àpò mi tó há gádígádí, mo gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ó ṣì ní àyè kún. Atúnfóònù-ṣe ní fọ́tò àbúrò bàbá rẹ ló gba ibẹ̀ tán, ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ó sì ka lẹ́tà náà fún mi. Inú mi dùn sí fọ́tò tó lọ yẹn, wàá gbọ́ ìdí ẹ̀.

O ní èdè lo ń ṣe fún àwọn èèyàn inú fíìmù kan tó ń gbé lórí omi, pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ẹnì kan, òmíì fún ẹni méjì, òmíì fún ẹni díẹ̀, òmíì fún ọ̀pọ̀. Bá mi kí wọn. O tún ní wọn ò sí níbì kankan. Ta ló wá ń sanwó fún ọ? Níbo lo sì fi àgbà sí? Bàbá rẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n, síbẹ̀ "wọ́n" là ń pè wọ́n bí ẹni pé wọ́n pé ogún. Wá àyè fún àgbà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ orí omi yẹn má baà ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Lóṣù tó kọjá, bàbá rẹ gbé yàrá rẹ fún àbúrò wọn kó máa kó sìmẹ́ǹtì sí. Wọ́n sọ fún un pé "a ti gbà á." Mo bi wọ́n pé ta ni "a" yẹn? Wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ wá. Mo bá gba "wọ́n" lọ́wọ́ bàbá rẹ, ó di "ó": ó ti jẹun, ó ti jáde. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó dùn ún ju kí n má dáná lọ.

Inú lẹ́tà rẹ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn, tumé, tí o ní ó túmọ̀ sí èmi àti ìwọ nìkan, kò kan ẹlòmíì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Bàbá rẹ wò ó títí, ó lọ bi atúnfóònù-ṣe bóyá orúkọ oògùn ni. Ìyẹn ló là á yé e.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní àbúrò òun ti ń kó sìmẹ́ǹtì ẹ̀ jáde. Ó wá ní "tumé," jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wọ bàtà tuntun wò. Mo fa àga sún mọ́ ọn. Nígbà tó jókòó, mo ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Omi lé ròrò sójú wọn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, bẹ́líìtì ẹ̀rọ mi ti já. Má gba báǹkì o. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n kọ orúkọ ẹni tó máa jogún mi sínú fọ́ọ̀mù, mo ní ara mi le, kò gbà.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní já sófo. Èdè tí o ń ṣe yẹn, Ọlọ́run á fi ẹni tí yóò máa sọ ọ́ ta ọ́ lọ́rẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ.