Òṣìṣẹ́ Tó Wà Lọ́nà fún Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ara ìwọ àti ọkọ rẹ le, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Ara tiwa náà le. Orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, mi ò sì dá a lóhùn.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ pé a ò yọjú sí ọ lórí fídíò. Kì í ṣe ẹ̀bi wa. Ọjọ́ Ajé kan ni íńtánẹ́ẹ̀tì ilé kú pátápátá. O sì mọ̀ pé orí rẹ̀ ni olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ti ń kọ́ bàbá rẹ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń so ọ̀rọ̀ méjì, mẹ́ta pọ̀ o. Bí ẹ̀kọ́ ṣe dúró, ó padà sí mímì orí. Ìyẹn ló dùn mí dé eegun.

Mo pe iléeṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ ní kí n tẹ oókan, kí n tẹ eéjì. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Nígbà tí èèyàn máa dáhùn, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, òṣìṣẹ́ wa ti wà lọ́nà." Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Lọ́jọ́ tó di ogún, mo ká aṣọ oníbàárà tí mò ń rán lọ́wọ́ sínú báàgì, mo mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó di ọ́fíìsì wọn. Mo sọ fún ọmọbìnrin ìdí káńtà pé, "Ọmọ mi, ẹni tó wà lọ́nà fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti ṣìnà. Jẹ́ ká jọ wá a lọ." Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé e mì. Ó ní kí n lọ dúró sílé. Mo ní ọ̀dọ̀ wọn tutù ju ilé lọ. Mo jókòó, mo ń ránṣọ.

Ọkùnrin kan jókòó tì mí, ó ní òun ti ń dúró fún oṣù méjì. Bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, mo bá a rán an. Obìnrin kan náà bọ́ kóòtù tiẹ̀ fún mi. Kó tó di ọ̀sán, a ti pé mẹ́jọ, ẹ̀rín wa sì ń dé yàrá ọ̀gá. Ọ̀gá jáde, táì rẹ̀ wọ́. Ó ní, "Mà, ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù aránṣọ." Mo ní, "Mo mọ̀, sà. Ká ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni, iṣẹ́ ì bá ti parí."

Mo wá rọra sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ fún un. Ó fúnra rẹ̀ yẹ kọ̀ǹpútà wò: wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ kẹta pé wọ́n ti tún tiwa ṣe! Ojú tì í. Òun pẹ̀lú òṣìṣẹ́ kan ló gbé mi délé. Okùn ló já lórí òpó. Kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ bi bàbá rẹ pé kí ló ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Ó mí kanlẹ̀, ó ṣu ẹnu jọ, ó ní, "Ìyàwó mi... bá mi sọ tèmi... mọ́ tiẹ̀." Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Èmi sá wọ kíṣìnì, mo lọ sun ẹkún tí mo ní í sun.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohùn ayọ̀ wọ́n nínú ilé rẹ. Ibi tí o bá kan ilẹ̀kùn sí, wọn yóò ṣí i fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ tó kù: A ó pè ọ́ lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ lẹ́nu bàbá rẹ, má bá a parí rẹ̀. Jẹ́ kó dé fúnra rẹ̀. Èmi náà ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni.